Kí ló wà nínú márùn-ún? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí bí a ṣe ń kọ́ ọmọdé láti pín nọ́ńbà kéékèèké

Àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mò ń kọ́. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn òbí àti àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi máa ń bi mí jù nípa ìṣirò àwọn ọmọ kékeré. Bí mo ṣe máa ń dáhùn wọn lẹ́nu ni mo ṣe kọ wọ́n síbí.

Kí ni ẹ ń pè ní pípín nọ́ńbà?

Kí ọmọ mọ̀ pé àwọn nọ́ńbà kékeré wà nínú nọ́ńbà kan. Mẹ́rin àti ọ̀kan wà nínú márùn-ún. Mẹ́ta àti méjì náà wà níbẹ̀. Ọmọ tó mọ èyí lè tú márùn-ún palẹ̀, kó tún un kó jọ, kó sì dá a lójú pé nǹkan kan kò sọnù.

Inú ìmọ̀ yìí ni ìròpọ̀ àti ìyọkúrò ti ń jáde. Bí ọmọ bá ti mọ̀ pé mẹ́ta àti méjì ló wà nínú márùn-ún, ó ti mọ ìṣirò mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà: 3 + 2 = 5, 2 + 3 = 5, 5 − 2 = 3, 5 − 3 = 2. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò máa kọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, yóò sì máa gbàgbé wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọmọ mi ọdún mẹ́rin ń ka ení títí dé ọgọ́rùn-ún láìṣì. Ṣé ẹ fẹ́ sọ pé kò tíì mọ òǹkà ni?

Ó mọ òǹkà lẹ́nu, ó sì yẹ kí inú yín dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ fi èyí dán an wò. Ẹ to hóró ẹ̀wà márùn-ún síwájú rẹ̀, kó kà wọ́n. Á ní márùn-ún ni. Ẹ wá fa àwọn hóró náà jìnnà síra lójú rẹ̀, ẹ má fi kún un, ẹ má yọ nínú rẹ̀, kí ẹ bi í pé, "Mélòó ni wọ́n báyìí?" Ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún mẹ́rin ni yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. Àwọn mìíràn á ní wọ́n ti pọ̀ sí i, torí pé ilẹ̀ tí wọ́n gbà ti gùn sí i.

Jean Piaget, ará Switzerland, tọpinpin irú nǹkan báyìí lára àwọn ọmọdé ní Geneva, òun àti Alina Szeminska sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1941. Wọ́n rí i pé ọmọ lè ka nǹkan dáadáa kó má tíì mọ̀ pé iye rẹ̀ kì í yí padà nígbà tí a bá kàn tún un tò. Láàárín kíkà lẹ́nu àti mímọ iye, iṣẹ́ ṣì wà láti ṣe, iṣẹ́ yẹn gan-an sì ni pípín nọ́ńbà ń ṣe. Ọmọ tó ti tú márùn-ún palẹ̀, tó sì ti kó o jọ lọ́pọ̀ ìgbà, kò ní jẹ́ kí ẹ tan òun jẹ pẹ̀lú hóró ẹ̀wà tí ẹ fà jìnnà síra.

Mo máa ń bẹ àwọn òbí pé kí wọ́n má fi "ọmọ mi ti ń kà dé ọgọ́rùn-ún" ṣe ìwọ̀n. Ẹni tó mọ inú márùn-ún dénú ti ṣe ju ẹni tó ń ka ọgọ́rùn-ún bí orin lọ.

Ọmọ ọdún mélòó ló lè bẹ̀rẹ̀?

Láti nǹkan bí ọdún mẹ́ta, ojú ọmọ ti máa ń dá méjì àti mẹ́ta mọ̀ láìkà. Ibẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀, eré ni kó sì jẹ́ nígbà yẹn, kì í ṣe ẹ̀kọ́ orí àga. Láàárín ọdún mẹ́rin sí márùn-ún, ẹ lè ṣe mẹ́rin àti márùn-ún. Láàárín ọdún márùn-ún sí méje ni ti mẹ́wàá máa ń jókòó.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà nílùú òyìnbó, ẹ ó ti rí i nínú iṣẹ́ àṣetiléwá àwọn ọmọ yín: òbìrí kan lókè, òbìrí méjì nísàlẹ̀, ìlà so wọ́n pọ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ṣófo. Ohun kan náà là ń sọ. Ní England, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ara ohun tí ìjọba ń retí lọ́wọ́ ọmọ kó tó kúrò ní kíláàsì tó ṣáájú ti ọdún kìíní ni pé kó mọ àwọn ìpín inú nọ́ńbà títí dé 10, kó dá iye tó tó 5 mọ̀ láìkà, kí ti 5 máa já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kíá, àti díẹ̀ nínú ti 10. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà Common Core tí wọ́n gbé jáde ní 2010 ní kí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lè pín nọ́ńbà tí kò ju 10 lọ sí méjì ní ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ, kó sì lè wá ohun tó máa sọ nọ́ńbà èyíkéyìí láti 1 dé 9 di 10.

Nọ́ńbà wo ni ká kọ́kọ́ mú?

Mẹ́ta. Lẹ́yìn rẹ̀, mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró pẹ́ lórí márùn-ún, kí ẹ dúró níbẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò pé ó yẹ lọ. Ọwọ́ kan ní ìka márùn-ún, gbogbo nọ́ńbà tó wà láàárín mẹ́fà àti mẹ́wàá ló sì ní márùn-ún nínú: méje jẹ́ márùn-ún àti méjì, mẹ́jọ jẹ́ márùn-ún àti mẹ́ta. Ọmọ tí márùn-ún bá ti dá lójú yóò gun àwọn yòókù láìlàágùn. Èyí tí ẹ bá sáré gbé kọjá márùn-ún, ẹ ó padà wá gbé e nígbà tó bá dé kíláàsì kẹta, ojú á ti máa tì í nígbà yẹn.

Kí ni mo máa rà?

Ẹ má ra nǹkan kan. Ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò dára gan-an nítorí pé ó ní inú, ó ní ẹ̀yìn. Ẹ fún ọmọ ní márùn-ún, kó gbọ̀n wọ́n lọ́wọ́ kó dà wọ́n sílẹ̀, kó sọ iye tó dojú délẹ̀ àti iye tó ṣíjú sókè. Kó tún un dà. Ìdérí márùn-ún náà ni, ṣùgbọ́n ìpín rẹ̀ ń yí padà lójú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ọwọ́ rẹ̀ ló sì ń fà á.

Hóró ẹ̀wà, àgbàdo, èkùrọ́, òkúta wẹ́wẹ́, ọmọ ayò, gbogbo rẹ̀ ló wúlò. Àmọ́ bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta bá wà nílé, ẹ fi ìdérí ńláńlá tàbí ṣíbí ṣe é. Hóró ẹ̀wà lè há ọmọ kékeré lọ́fun, ó sì lè wọ̀ ọ́ nímú.

Páálí kíréètì ẹyin náà wà. Kíréètì ẹlẹ́yin ọgbọ̀n ní ihò mẹ́fà lọ́nà kan, márùn-ún lọ́nà kejì. Ẹ gé ìlà méjì tó ní ihò márùn-ún márùn-ún kúrò lára rẹ̀, ẹ ti ní ohun tí à ń pè ní àpótí mẹ́wàá, ìyẹn àpótí kan tó ní ihò mẹ́wàá. Ẹ fi òkúta méje sínú rẹ̀: ìlà òkè kún, méjì wà nísàlẹ̀, ihò mẹ́ta sì ṣófo. Ní ìwò kan, ọmọ ti rí i pé méje jẹ́ márùn-ún àti méjì, ó sì ti rí i pé ó ku mẹ́ta kó di mẹ́wàá. Mi ò tíì rí ohun èlò olówó ńlá kan tó ju páálí yìí lọ.

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ń lo igi aláwọ̀ tí Georges Cuisenaire, tíṣà kan ní ìlú Thuin ní Belgium, gbé jáde. Ìwé rẹ̀ lórí rẹ̀ jáde ní 1952. Igi tó kéré jù jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan, èyí tó gùn jù jẹ́ mẹ́wàá, ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sì ní àwọ̀ tirẹ̀: funfun ni 1, pupa ni 2, àwọ̀ ọsàn ni 10. Bí ọmọ bá to igi 2 àti igi 3 mọ́ra wọn ní ẹ̀gbẹ́ igi 5, wọ́n á dọ́gba. Ẹ lè fi àlùmọ́gàjí àti rúlà gé irú rẹ̀ nínú páálí, kí ẹ kùn ún.

Ẹ fi eré kan hàn wá tí a lè ṣe nílé lálẹ́ òní.

Eré abọ́. Hóró ẹ̀wà márùn-ún àti abọ́ kékeré kan tí ojú kò lè rí inú rẹ̀ láti ìta. Ẹ jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ náà. Kí òun fúnra rẹ̀ ka ẹ̀wà náà, kó sì sọ pé márùn-ún ni. Kó dijú. Ẹ fi abọ́ bo méjì, ẹ fi mẹ́ta sílẹ̀ níta.

"Ó yá, lajú. Mélòó lo rí?"

"Mẹ́ta, mà."

"Mélòó la kà tẹ́lẹ̀?"

"Márùn-ún, mà."

"Mélòó wá ló wà lábẹ́ abọ́?"

Ẹ dákẹ́ níbí. Ibí yìí ni àgbàlagbà máa ń ba eré náà jẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà máa ń ni wá lára, a ó sì ti ju ìdáhùn sílẹ̀ kí ọmọ tó ronú. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ àti ètè rẹ̀. Ọmọ kan á fi ìka gbá ẹ̀yìn abọ́, "ẹ̀rin, àrún", á ní, "Méjì!" Òmíràn á na ìka márùn-ún sókè, á ká mẹ́ta, á wo èyí tó kù. Òmíràn á kàn ní méjì, kíá, á sì máa wò yín pé kí ló le níbẹ̀. Òmíràn á ní, "Mẹ́wàá!" Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ibi tí ọmọ náà dé fún yín.

Kó ṣí abọ́ fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ràn eré yìí nítorí pé abọ́ ló ń sọ fún ọmọ bóyá ó gbà á. Ẹnì kankan kò pariwo mọ́ ọn, ẹnì kankan kò sì pè é ní olódo. Lẹ́yìn náà, ẹ jọ sọ ọ́ síta: "Mẹ́ta níta, méjì lábẹ́ abọ́, márùn-ún ni gbogbo rẹ̀." Gbólóhùn yìí ṣe pàtàkì gan-an. Ohun tí ọwọ́ ṣe tí ẹnu kò sọ máa ń tètè fò lọ.

Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, ẹ gbé abọ́ fún ọmọ kí ẹ̀yin náà dijú. Ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́ ní láti mọ ohun tó wà níta àti ohun tó wà nínú, nítorí náà òun gan-an ló ń ṣiṣẹ́ jù. Bí ó bá ti rẹ̀ ẹ́, ẹ kó ẹ̀wà nílẹ̀. Eré ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí kan lọ́jọ́ Sátidé lọ.

Ọmọ tó ń pariwo "mẹ́wàá" kò ya òmùgọ̀. Márùn-ún ló ṣì pọ̀ jù fún un. Ẹ mú un padà sí mẹ́ta.

Òdo ńkọ́? Ṣé ó kàn wọ́n ní ọjọ́ orí yìí?

Ó kàn wọ́n. Ẹ fi abọ́ bo gbogbo ẹ̀wà náà lọ́jọ́ kan, tàbí kí ẹ má bo nǹkan kan. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì gbà pé òdo àti márùn-ún náà jẹ́ márùn-ún. Bí ẹ bá wá to gbogbo ìpín márùn-ún sílẹ̀ láti orí òdo, ẹ ó rí mẹ́fà: 0 àti 5, 1 àti 4, 2 àti 3, 3 àti 2, 4 àti 1, 5 àti 0. Ti mẹ́rin jẹ́ márùn-ún, ti mẹ́ta jẹ́ mẹ́rin. Iye ọ̀nà máa ń fi ẹyọ kan ju nọ́ńbà fúnra rẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà lè rí èyí fúnra wọn bí ẹ bá ní kí wọ́n fi ìdérí tò ó ní ìlà ní ìlà, nítorí pé bí apá kan ṣe ń fi ẹyọ kan dín ni apá kejì ń fi ẹyọ kan lé. Ẹ má sọ ọ́ fún wọn. Kí ayọ̀ rírí rẹ̀ jẹ́ tiwọn.

Ṣé 2 àti 3 yàtọ̀ sí 3 àti 2?

Nínú iye, rárá. Nínú ohun tó ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni: bí Táíwò bá jẹ àkàrà méjì tí Kẹ́hìndé jẹ mẹ́ta, Táíwò kò ní gbà pé bákan náà ni. Ẹ jẹ́ kí ọmọ sọ méjèèjì, kó sì wá yé e lẹ́yìn náà pé àkàrà márùn-ún ló tán lórí àwo lọ́nà méjèèjì.

Ọmọ mi kò lè ṣe ìṣirò kankan láìsí ìka ọwọ́. Ṣé kí n dá a lẹ́kun?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń na ọmọ lọ́wọ́ nítorí rẹ̀, ó sì máa ń dùn mí. Ọmọ tí ẹ gba ìka lọ́wọ́ rẹ̀ yóò máa kà á lábẹ́ tábìlì tàbí kó máa méfò.

Ohun tí a ń tún ṣe ni bí ó ṣe ń lo ìka náà. Bí ó bá fẹ́ fi méje hàn, tó ń na ìka ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti orí ení, ẹ kọ́ ọ láti na ọwọ́ kan lódindi àti ìka méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi ṣeré: "Fi mẹ́fà hàn mí, kíá! Fi mẹ́sàn-án hàn mí!" Lẹ́yìn náà, "Fi mẹ́fà hàn mí lọ́nà mìíràn." Bí ó bá na mẹ́ta lọ́wọ́ òsì àti mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ti pín mẹ́fà fúnra rẹ̀. Ìka mẹ́wàá náà tún ń fi ìpín mẹ́wàá hàn láìsí wàhálà: ó na mẹ́jọ, méjì tó ká sì wà níwájú rẹ̀ pé òun ló kù. Ìka á kúrò fúnra rẹ̀ nígbà tí ọmọ kò bá nílò rẹ̀ mọ́.

Ìgbà wo ni ká wá kọ ọ́ sínú ìwé?

Lẹ́yìn tí ọwọ́ bá ti ṣe é tí ẹnu sì ti sọ ọ́. Ọwọ́, àwòrán, nọ́ńbà: ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ní Singapore láti àwọn ọdún 1980 nìyẹn, orí èrò Jerome Bruner, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n sì gbé e kà. Àwòrán kò ní láti lẹ́wà. Òbìrí mẹ́ta tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan tó, tàbí kí ọmọ ya àmì márùn-ún kó fi ìlà là á láàárín.

Nígbà tí ẹ bá dé orí nọ́ńbà, ẹ kíyè sí àmì =. Bí gbogbo ohun tí ọmọ ń rí bá jẹ́ 2 + 3 = ?, yóò gbà pé àmì yẹn túmọ̀ sí "kọ ìdáhùn síbí." Ẹ máa kọ 5 = 2 + 3 náà, ẹ sì máa kọ 4 + 1 = 2 + 3. Ẹ kà á fún un pé "dọ́gba pẹ̀lú." Mo ti rí àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún tó kọ 9 sínú 4 + 5 = ☐ + 3, nígbà tó jẹ́ pé 6 ló yẹ níbẹ̀. Láti jẹ́lé-ó-sinmi ni ìyẹn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tí ẹ fi ń tẹnu mọ́ ọn tó báyìí? Ṣebí wọ́n á ṣáà mọ̀ ọ́n.

Nítorí 8 + 5. Ìṣirò yìí ni mo fi ń mọ ọmọ tó mọ inú nọ́ńbà yàtọ̀ sí èyí tí kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ kan á fa igi wẹ́wẹ́ mẹ́jọ sínú ìwé, á fa márùn-ún sí i, á wá ka gbogbo rẹ̀ láti orí ení. Bí ó bá fo ọ̀kan, ó di méjìlá. Ọmọ kejì mọ̀ pé mẹ́jọ nílò méjì kó tó di mẹ́wàá, ó sì mọ̀ pé méjì wà nínú márùn-ún, mẹ́ta á kù. Mẹ́wàá àti mẹ́ta, mẹ́tàlá. Ó lo ìpín mẹ́wàá, ó sì lo ìpín márùn-ún, nínú ìmí kan.

Nígbà tí wọ́n bá dé 38 + 25, ọ̀nà kan náà ni. Ẹni tó ń fa igi kò lè fa igi mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń sọ pé àwọn kò lórí ìṣirò, òbí náà á sì gbà bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe orí. Inú mẹ́wàá ni wọn kò mọ̀.

Yorùbá ni ká fi kọ́ wọn àbí Gẹ̀ẹ́sì? Òǹkà Yorùbá le, ó ń fi kún, ó ń yọ kúrò.

Èdè tí ọmọ ń gbọ́ dáadáa ni kí ẹ fi kọ́ ọ. Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́, ìṣirò pẹ̀lú rẹ̀, fún ọdún mẹ́fà gbáko ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ.

Ní ti pé òǹkà wa le, mo rí i lọ́nà mìíràn. Láti ọ̀kànlá dé ẹ̀rìnlá, a ń fi kún ẹ̀wá. Láti ẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a ti kọjú sí ogún: ẹ̀rìndínlógún jẹ́ ogún ó dín mẹ́rin, ẹ̀tàdínlógún jẹ́ ogún ó dín mẹ́ta. Ẹ wá wo 16 bí a ṣe ń kọ ọ́: mẹ́wàá àti mẹ́fà. Gẹ̀ẹ́sì ń pe mẹ́fà, Yorùbá ń pe mẹ́rin, mẹ́fà àti mẹ́rin sì ni ìpín mẹ́wàá. 17: méje àti mẹ́ta. 18: mẹ́jọ àti méjì. 19: mẹ́sàn-án àti ọ̀kan. Ọmọ tó bá gbọ́ èdè méjèèjì ti ní ìpín mẹ́wàá lẹ́nu, kí ẹ kàn fi àpótí mẹ́wàá méjì hàn án kó rí i. Ẹ fi òkúta mẹ́rìndínlógún sínú ihò ogún, kí ẹ bi í pé mélòó ló kún, mélòó ló ṣófo.

Àwọn baba ńlá wa náà kò ka nǹkan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Adolphus Mann, míṣọ́nnárì tó gbé ilẹ̀ Yorùbá, kọ nípa òǹkà wa ní 1887. Ó ṣàlàyé bí ẹni tó ń ka owó ẹyọ ṣe máa ń da á sílẹ̀, tí á sì máa fa á ní márùn-ún márùn-ún. Bí ó bá fà á nígbà ogún, ọgọ́rùn-ún pé. Òkìtì ọgọ́rùn-ún méjì, igba. Ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ti mọ márùn-ún ní ìwò ojú kan.

Ṣé ayò ọlọ́pọ́n lè ràn wọ́n lọ́wọ́?

Púpọ̀. Ihò méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin, méjìdínláàádọ́ta lápapọ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún kò tíì lè ta á tán bí àgbà, ṣùgbọ́n ó lè to mẹ́rin mẹ́rin sínú ihò, èyí tó ti jẹ́ ẹ̀kọ́. Bí ó bá ti ń ta á, ó ní láti fi ojú mọ méjì àti mẹ́ta nínú ihò láìkà, nítorí pé òun ni a ń jẹ. Nílé tí bàbá àgbà bá wà, kí ọmọ jókòó tì í.

Ọmọ àádọ́ta ló wà ní kíláàsì mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé abọ́ fún gbogbo wọn?

Kò pọn dandan. Ìka mẹ́wàá ni gbogbo wọn gbé wá láti ilé. Ẹ pè é: "Ẹ fi márùn-ún hàn mí, lọ́wọ́ méjèèjì!" Ẹ ó rí mẹ́rin àti ọ̀kan, ẹ ó rí mẹ́ta àti méjì. Kí ẹni tó ṣe mẹ́rin àti ọ̀kan wo ẹnìkejì rẹ̀ tó ṣe mẹ́ta àti méjì, kí wọ́n bi ara wọn ta ló gbà á. Ariwo á sọ. Ariwo tó dára ni.

Lẹ́yìn náà ẹ pín wọn ní méjì méjì. Ọ̀kan á di òkúta márùn-ún mú, á pín in sí ọwọ́ méjèèjì lẹ́yìn rẹ̀, á na ọwọ́ kan síwájú, á ṣí i. Èkejì á sọ ohun tó wà lọ́wọ́ tó dì. Òkúta pọ̀ nílẹ̀, ẹ fi ẹfun ya àpótí mẹ́wàá sórí sìmẹ́ńtì. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é, ẹ máa rìn káàkiri, kí ẹ máa béèrè ohun kan ṣoṣo: "Báwo lo ṣe mọ̀?" Ẹ bi ẹni tó gbà á, ẹ bi ẹni tó ṣì í. Bí ẹ bá ń bi ẹni tó ṣì í nìkan, láìpẹ́ gbogbo wọn á mọ̀ pé ìbéèrè yẹn túmọ̀ sí pé wọ́n ti kùnà.

Kí wọ́n kúkú há a sórí ńkọ́?

Ó yẹ kó wà lórí wọn nígbẹ̀yìn, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ọmọ ọdún méje tí a bi pé mẹ́fà àti mélòó ni mẹ́wàá kò gbọdọ̀ ronú pẹ́. Àmọ́ kí ó wọ orí láti ọwọ́. Èyí tí a fi ariwo gbìn sórí láìjẹ́ pé ọmọ rí i, tí ẹ bá yí ìbéèrè rẹ̀ padà díẹ̀, ó ti tán.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti mọ ti márùn-ún?

Ẹ fi iye èyíkéyìí hàn án níta abọ́, á sọ ti inú láìka nǹkan kan. Ẹ ní kó fi ọ̀nà mìíràn hàn yín, kò ní wojú yín. Bí ẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í, tí ẹ ní, "Mẹ́rin níta, nítorí náà méjì wà nínú", á ta kò yín. Ọjọ́ tó bá ta kò yín pẹ̀lú ìdí tó ye kooro, ẹ lè gbé mẹ́fà wá.

Ọmọ mi ti pé ọdún mẹ́jọ, ó ṣì ń ka gbogbo nǹkan láti orí ení. Ṣé ó ti pẹ́ jù?

Kò pẹ́ jù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí mẹ́ta bákan náà, ẹ ó rí i pé kò ní pẹ́ lórí rẹ̀ bí ọmọ ọdún mẹ́rin. Ẹ má ṣe é lójú àbúrò rẹ̀ tó ti mọ̀ ọ́n. Ẹ lo ohun tó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu: ọpọ́n ayò, páálí Lúdò, owó. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ń lọ rajà fún yín lè sọ oríṣiríṣi ọ̀nà tí a lè gbà fi ọgọ́rùn-ún náírà àti igba náírà san ẹgbẹ̀rún kan, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bá a ṣe igba márùn-ún di ẹgbẹ̀rún, nítorí pé márùn-ún yẹn náà ni: ó ti san igba mẹ́ta, ó ku igba méjì.

Bí ẹ bá ti ń bá a ṣe é déédéé fún odindi sáà kan tí kò sì sí ìyípadà, ẹ bá tíṣà rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò nílé ìwòsàn. Mo ti rí ọmọ tí a pè ní olódo ìṣirò tó jẹ́ pé kò rí ohun tí wọ́n kọ sójú pátákó.